Bí A Ṣe Ń Ra Báàtì Kíríkẹ́ẹ̀tì Láìfi Owó Ṣòfò

Tí oṣù kẹta bá ti wọlé, tí ojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Àwọn òbí ní kíláàbù wa ní Chelmsford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kent àti Birmingham, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Èkó, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń gbé wá nípa báàtì, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì: "Ẹ̀gbọ́n, báàtì wo ni kí n rà? Èló ni kí n ná lé e?" Ìbéèrè náà tún wá pọ̀ sí i láti oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò ju 19 lọ fi rọ́ọ̀nù 2, ìyẹn àmì ayò, na New Zealand nínú ìdíje àgbáyé, ní Kuching ní orílẹ̀-èdè Malaysia. Inú mi máa ń dùn láti dáhùn, nítorí owó gidi ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó san £600 fún iṣẹ́ tí báàtì £250 ì bá ṣe fún wọn.

Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, Abẹ́òkúta ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́. Nígbà òtútù, tí kò sí eré lórí pápá, mo máa ń lọ ran bàbá òyìnbó kan lọ́wọ́ tó ń gbẹ́ báàtì ní abúlé kan níbí ní Essex. Mo ń fi sánpépà ra á, mo ń wé okùn mọ́ èèkù, mo sì ń tún àwọn èyí tó ti sán ṣe fún àwọn ọmọ kíláàbù wa. Ohun tí mo rí lórí tábìlì yẹn ló mú kí n máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè mí pé ìrísí igi ni wọ́n fi ń dá iye lé báàtì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí wọ́n ṣe tẹ igi náà nínú ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ, àti bí ó ṣe bá ọwọ́ ẹni tó máa lò ó mu, ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ fi owó yín sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Ibi tí iye owó ti ń bẹ̀rẹ̀

Igi wílò ni wọ́n fi ń ṣe báàtì. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń lò, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Salix alba caerulea, fẹ́ràn etí omi, Essex àti Suffolk sì ni ibùdó rẹ̀ gan-an. Ẹni tó gbìn ín á máa gé ọ̀mùnú tó bá yọ lára ìtì rẹ̀ dànù kí kókó má bàa wà nínú igi, á sì dúró fún nǹkan bí ọdún 15 sí 20 kó tó gé e. Nítòsí wa níbí, ní Great Leighs, ni ilé-iṣẹ́ J.S. Wright & Sons wà, wọ́n ti ń ṣòwò igi yìí láti 1894. Wọ́n máa ń la ìtì náà gba ojú ìlà rẹ̀ ni, kí agbára igi má bàa já. Wọ́n á fi ìda bo orí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan kó má bàa sán, wọ́n á sì gbé e sínú ààrò títí omi inú rẹ̀ á fi dín kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín in sí gíréèdì.

Ojú ni wọ́n fi ń pín in. Kò sẹ́ni tó tíì fi bọ́ọ̀lù kan ẹ̀là igi yẹn rí. Gíréèdì 1 ni èyí tí ojú rẹ̀ funfun, tí ìlà rẹ̀ tọ́, tí àlàfo àárín wọn dọ́gba, tí wọ́n sì tó 6 ó kéré tán. Èyí tó bá mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń kọ 1+ sí. Gíréèdì 2 lè ní apá pupa létí kan, ìyẹn igi àyà ìtì, tàbí àmì kékeré bíi mélòó kan. Ní gíréèdì 3 àti 4 ni ẹ máa ti rí àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ tó gba ojú igi kọjá, tí wọ́n ń fi labalábá pè. Lójú tèmi àti lójú bàbá tí mo ń bá ṣiṣẹ́, àbàwọ́n labalábá kò dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rárá, ó sì wà lára àwọn igi tó lágbára jù tí mo ti rí. Kókó nìkan ni mo máa ń sá fún, tó bá wà létí tàbí ní ìsàlẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀lù ń bà jù.

Iye ìlà náà tún ń da àwọn èèyàn láàmú. Igi tó yára dàgbà ní ìlà díẹ̀ tó fẹ̀. Èyí tó rọra dàgbà ní ìlà púpọ̀ tó súnmọ́ra. Báàtì oníìlà 10 tàbí 12 sábà máa ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè gbó. Ti oníìlà 6 tàbí 7 lè gba àsìkò kó tó jí, ṣùgbọ́n tó bá ti jí, ó ń pẹ́. Ẹni tó ń gbá eré lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nínú líìgì ọjọ́ Sátidé, tó fẹ́ kí báàtì òun lò tó ọdún mẹ́rin márùn-ún, kí ló fẹ́ fi ìlà 12 ṣe? Àwọn ṣọ́ọ̀bù sì ń gba owó tó lé ní £100 lórí ìlà yẹn nìkan.

Ohun tí ọwọ́ èèyàn ń ṣe sí i

Wílò rọ̀. Bó ṣe ti inú ààrò jáde, èékánná lásán lè sàmì sí i. Ẹ̀rọ kan ló ń tẹ̀ ẹ́ kí ojú rẹ̀ tó le, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jù, báàtì á gan, bọ́ọ̀lù kò ní ta lára rẹ̀. Tí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, bọ́ọ̀lù á máa jẹ ihò sí i lójú títí á fi ya. Ẹ̀là kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ tó ń fi ìwọ̀n kan ṣoṣo tẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀là fi máa ń mú èyí tó dára àti èyí tó kú jáde nínú gíréèdì kan náà, ní iye owó kan náà.

Ní òtútù tó kọjá, mo dúró ti bàbá náà nígbà tó mú ẹ̀là kan tí àbàwọ́n gba ìdajì ojú rẹ̀. Wọ́n ti fi léèdì kọ 4 sí i lórí. Ó tì í bọ inú ẹ̀rọ, ó gbé e jáde, ó di orí rẹ̀ mú pẹ̀lú ìka méjì, ó fi òòlù onígi kàn án láàárín, ó sì tẹ́tí. Ohùn tó jáde kú, ó wúwo. Ó dá a padà, ó fi díẹ̀ kún agbára ẹ̀rọ, ó tún kàn án. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láìsọ̀rọ̀ títí ohùn náà fi ga, tó sì mọ́. Ìgbà yẹn ló tó mú ìfági. Nígbà tó gbẹ́ ẹ tán, tí gáàmù èèkù ti gbẹ, a ju bọ́ọ̀lù àtijọ́ sí i lójú: bọ́ọ̀lù náà ta padà kọjá ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó lọ bọ́ sínú èérún igi nílẹ̀. £180 ló tà á. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú funfun báláú, ìlà 11, £420 ni. Mo kan àwọn méjèèjì, mo ta bọ́ọ̀lù lára àwọn méjèèjì, n kò rí ìyàtọ̀ tó tó £240 níbẹ̀.

Èèkù náà tún jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Pankẹ́rẹ́ (rattan) láti ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni wọ́n ń tò pọ̀, tí wọ́n ń fi rọ́bà sí àárín rẹ̀ kó lè gba ìgbọ̀nrìrì mọ́ra, kí wọ́n tó gé ìdí rẹ̀ ṣóńṣó bí lẹ́tà V, kí wọ́n sì tì í bọ inú igi. Ẹ fara balẹ̀ wo ibi tí èèkù ti wọ inú igi. Tí ẹ bá rí àlàfo, tàbí gáàmù tó ṣẹ́kù kítikìti, ẹ gbé e kalẹ̀, ohun yòówù kí sítíkà rẹ̀ wí.

Ta ni owó yín ń lọ bá?

Kì í ṣe igi àti iṣẹ́ nìkan ni ẹ ń sanwó fún. Ilé-iṣẹ́ olórúkọ ńlá ń san owó fún àwọn àgbà òṣèré kíríkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè gbé sítíkà rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ jèrè, ìjọba sì ń gba VAT. Ní Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹni tí ọjà tó ń tà lọ́dún bá kọjá £90,000 ló di dandan fún láti gba VAT, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ agbẹ́báàtì tó ń dá ṣiṣẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọn kì í gbà á. Nínú báàtì £300 tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, £50 ló lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, £50 yẹn lè wà nínú igi.

Gbogbo ènìyàn ló sì ń kọ ọ́ sí báàtì pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Òótọ́ ni nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà ló gé ìrísí rẹ̀, ọwọ́ kàn fi sánpépà ra á ni. Ọ̀pọ̀ báàtì tó ń jẹ́ orúkọ òyìnbó ni wọ́n gbẹ́ ní Meerut tàbí Jalandhar ní Íńdíà, tàbí ní Sialkot ní Pakistan, pẹ̀lú ẹ̀là wílò tí wọ́n kó lọ láti Essex. Kò sí àbùkù kankan nínú ìyẹn. Àwọn ọ̀gá agbẹ́gi wà ní Meerut tí ọwọ́ wọn já fáfá ju ti ọ̀pọ̀ lọ níbí. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ béèrè: ta ló gbẹ́ ẹ, níbo, ta ló sì tẹ̀ ẹ́? Ẹni tó bá lè dáhùn láìwẹ̀yìn ni kí ẹ bá dúnàádúrà. Ẹni tó bá ń fi orúkọ òṣèré dáhùn yín, sítíkà ló ń tà.

Iye tí mò ń rí lọ́jà báyìí fún àgbàlagbà rèé. Báàtì wílò Kashmir (wílò tó hù ní agbègbè Kashmir ní Éṣíà), £40 sí £90: ó le, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n ó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ àti fún gbígbá bọ́ọ̀lù rọ́bà tàbí ti tẹ́níìsì. Wílò Gẹ̀ẹ́sì gíréèdì 3 tàbí 4 lọ́dọ̀ agbẹ́báàtì, £130 sí £200. Gíréèdì 2, £200 sí £280. Gíréèdì 1, £300 sí £450. Láti £500 lọ sókè, ẹwà àti orúkọ ni ẹ ń rà, mo sọ bẹ́ẹ̀ láìṣiyèméjì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹwà, tówó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó rà á. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń gbá eré kíláàbù, tó ń sanwó ilé, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, láàárín £170 sí £260 lọ́dọ̀ agbẹ́báàtì tó mọṣẹ́ ni mo máa ń ní kó dúró.

Ti ọmọdé

Níbí ni àwa Yorùbá ti ń jìyà owó jù. A fẹ́ràn kí nǹkan ọmọ tóbi díẹ̀, kó lè "dàgbà bá a", bí a ṣe ń ra bàtà iléèwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún báàtì. Obìnrin kan ará Ìbàdàn ní kíláàbù wa ra báàtì Harrow (sáìsì tó wà láàárín sáìsì 6 àti ti àgbà) fún ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 11, ọmọ tó jẹ́ pé sáìsì 5 ló tọ́ sí i. Ọmọ náà kò lè gbé e wálẹ̀ lọ́nà tó tọ́ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ìsàlẹ̀ nìkan fà á, gbogbo ohun tí kóòṣì ti kọ́ ọ dàrú. Sáìsì 5 tí kò gbówó lórí la wá yá a kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a bó ṣe yẹ.

Gíga ọmọ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọjọ́ orí. Ọmọ tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 dé 5 àti íǹṣì 3 ń lo sáìsì 6. Láti ibẹ̀ dé 5 àti íǹṣì 6, Harrow. Èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ lè lo ti àgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó fi ọwọ́ òkè nìkan di èèkù mú, kó na báàtì síwájú gbọọrọ. Tí orí báàtì bá ń wọlẹ̀ kó tó kà dé mẹ́wàá, ó wúwo jù fún un. Ọmọ tó ń dàgbà kò nílò gíréèdì 1 láéláé. Gíréèdì 3 tó fúyẹ́, tàbí àlòkù tí wọ́n tún ṣe, ló tó o, nítorí kò ní ju ọdún kan àbọ̀ lọ kó tó kéré fún un.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Ẹ mú bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan dání lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń ta báàtì tí kò jẹ́ kí ẹ fi bọ́ọ̀lù tàbí òòlù kàn án, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ di èèkù mú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ fi bọ́ọ̀lù kan ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń ta padà jù, tí ọwọ́ yín kò ti gbọ̀n, ni àárín rẹ̀. Lórí pápá ilẹ̀ gidi níbí ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, bọ́ọ̀lù kì í ga, àárín tó wà nísàlẹ̀ ló dára. Lórí pápá oníkápẹ́ẹ̀tì tàbí oníkọnkéré, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń ta sókè, ẹ wá èyí tí àárín rẹ̀ ga díẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì ń mú rọ́ọ̀nù wá ju gíréèdì lọ.

Ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ẹ má gba "ó fúyẹ́" lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Láàárín 2lb 7oz àti 2lb 10oz ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀lù, nítorí báàtì méjì tó wọn 2lb 9oz lè yàtọ̀ pátápátá lọ́wọ́, bí agbẹ́gi bá ṣe pín igi sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún báàtì tí etí rẹ̀ nípọn gidigidi tó sì fúyẹ́ bí ìyẹ́. Láti oṣù kẹwàá 2017, òfin ti fi òpin sí i: etí kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 40 lọ, ibi tó nípọn jù kò sì gbọ́dọ̀ ju 67; ti fífẹ̀ rẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ ju 108, ti wà nínú òfin tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Kí igi ńlá tó lè fúyẹ́ báyẹn, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gbẹ omi inú rẹ̀ jù. Á gbá bọ́ọ̀lù dáadáa fún sáà kan, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ létí. Owó ńlá, ọjọ́ díẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ tiyín lọ́tọ̀, ẹ pè wọ́n ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹrin, ẹ máa tò. Ẹ mú báàtì tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ lọ, kó lè rí ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń bà á jù: àmì pupa tó wà lójú rẹ̀ á sọ ju ohun tí ẹnu yín lè sọ lọ. Kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé gíréèdì kò ká yín lára, ohùn ni ẹ fẹ́. Inú agbẹ́báàtì gidi máa ń dùn sí oníbàárà bẹ́ẹ̀, torí àwọn ẹ̀là alábàwọ́n tó dára máa ń wà ní igun ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí kò rẹ́ni mú.

Owó tó kù lẹ́yìn rírà

Ẹ fi nǹkan bíi £25 sílẹ̀ fún òróró linseed tútù, òòlù onígi àti rọ́bà ìdìmú kejì. Ẹ fi òróró tó tó ṣíbí tíì kan pa ojú, etí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan ibi tí èèkù ti wọ inú igi. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ mọ́jú, ẹ tún un pa lẹ́ẹ̀kan sí i. Òróró púpọ̀ ń pa báàtì, ó ń sọ ọ́ di ẹrù. Lẹ́yìn náà ni lílù: wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lápapọ̀, ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wá máa fi kún un. Ẹ gbé òòlù dagẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá ń kan etí, kó lè yípo díẹ̀. Ẹ má kan ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ tààrà. Báàtì tí wọ́n ní àwọn ti bá yín lù pàápàá, ẹ ṣì lù ú fún wákàtí kan.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ẹni náà á máa tún un ṣe. Ìlà tíín-tìn-tín tó sán lójú báàtì kì í ṣe àìsàn. Ojú ìlò ni. Èyí tó là létí, gáàmù àti okùn lè dì í. Èèkù tó ṣẹ́ ṣeé pààrọ̀, owó rẹ̀ kò sì sábà tó ìdá mẹ́ta báàtì tuntun. Lọ́dọ̀ bàbá tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ẹni tó ra báàtì lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé e padà wá ní ìparí sáà kó bá a fi sánpépà ra ojú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló mú kí báàtì £220 kan tí mo mọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ wa títí di òní, tí àwọn tó ra ti £500 lẹ́yìn rẹ̀ ti ra òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e lọ sí Èkó, fún eré ní Tafawa Balewa Square tàbí ibòmíràn, ẹ má fi í sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ nínú oòrùn, ẹ má sì gbé e ti ògiri níbi tí omi wà nílẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á mu omi, á wú. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fi òróró díẹ̀ nù ún lóṣooṣù, kí igi má bàa gbẹ kó sì sán. Tí ẹ bá ń rà á fún pápá oníkọnkéré, ẹ sọ fún agbẹ́báàtì kó fi rọ́bà bo ìdí rẹ̀, kó sì lẹ awọ fẹ́lẹ́ mọ́ ojú rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ohun kékeré ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Èkó, ẹ máa wá ẹni tó lè ṣe é tì.